Ológò Tó Tẹ́ Ẹní Sẹ́nu Ọ̀nà Wa Lágbowó

Òórùn kẹrosíìnì àti ọ̀dà ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ìpè ìrun, kì í ṣe aago ṣọ́ọ̀ṣì. Bàámi á ti máa fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú agolo mílíìkì lẹ́yìnkùlé, òórùn ẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé, á wọnú ẹ̀kọ tá a fẹ́ mu, á wọ yunifọ́ọ̀mù wa. Ní kíláàsì, wọ́n máa ń mọ̀ pé mo ti dé kí n tó yọjú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn kankan ò jí mi. Ikọ́ ló jí mi. Ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni tó sanwó ilé.

Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan ló jókòó sórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀ dí gbogbo ẹnu ọ̀nà, bútà wọn wà lápá ọ̀tún, àpò wọn wà lápá òsì, wọ́n ń rin pákò. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa. Ṣé bàbá ẹ ti jí? Má jí i o. Kò sí ìkánjú. Mo ti dé nìyẹn, mi ò lọ mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, torí inú ṣì ń bí mi.

Bàámi ò ní ọ̀gá, wọn ò gbowó oṣù. Akọ̀wé ara pátákó ni wọ́n. Ẹni tó bá níṣẹ́ á wá pè wọ́n: kí wọ́n kọ orúkọ sára mọ́tò, kí wọ́n ya orí oríṣiríṣi fún onígbàjámọ̀, kí wọ́n ya táyà fún fọ́kánáísà. Nígbà tí òṣèlú dé, iṣẹ́ dé. Ògiri tó wà láti Ṣàngó dé Bódìjà, bàámi ló ya àmì ẹgbẹ́ sí i, kò sì sí ẹgbẹ́ tí wọn ò yà fún. Wọ́n lè ya ti ẹgbẹ́ kan láàárọ̀, kí wọ́n lọ fi ti ẹgbẹ́ kejì bò ó lọ́sàn-án, kí àwọn méjèèjì sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dà tí wọ́n ń lò, àwìn ni. Àlàájà kan tó ń ta ọ̀dà ní Dùgbẹ̀ ló ń kó o fún wọn, torí àwọn olóṣèlú ní tí àwọn bá ti wọlé, àwọn á sanwó.

Wọ́n wọlé lóòótọ́. Àfi bí rédíò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lu orin ológun lọ́jọ́ kan. Àwọn tó jẹ bàámi lówó bá di ẹni à ń wá: àwọn kan wà látìmọ́lé, àwọn kan ti wà nílùú òyìnbó tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Ta lo fẹ́ lọ bá? Ẹ gbọ́ eléyìí tó burú jù. Àwọn ṣọ́jà ní kí wọ́n pa gbogbo àmì ẹgbẹ́ rẹ́ lára ògiri. Inú bàámi dùn, wọ́n ní iṣẹ́ tún ti dé, wọ́n lọ bá ọ̀gá ṣọ́jà pé àwọn á bá wọn pa á rẹ́. Ọ̀gá ṣọ́jà ní, "Àbí ìwọ lo yà á?" Bàámi, pẹ̀lú ìgbéraga iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ní, "Èmi ni, sà." Ó ní, "Ó dáa. Lọ pa á rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́." Bàámi bá tún lọ gba ọ̀dà funfun láwìn lọ́wọ́ Àlàájà kí wọ́n lè fi pa iṣẹ́ tí wọn ò tíì gbowó ẹ̀ rẹ́.

Bí gbèsè ṣe ń gorí gbèsè nìyẹn. Lańdílọ́ọ̀dù, ọlọ́bùrẹ́dì, oníkẹrosíìnì. Wọ́n lé mi nílé ìwé torí fíìsì títí mo fi mọ orúkọ gbogbo ajá tó wà lójú ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bọ́ wa: ẹ̀rọ ìránṣọ màámi, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá wọn rà fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù. Tí ẹ̀rọ yẹn bá jáde, ebi wọlé. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Àlàájà náà mọ̀ ọ́n, torí ìgbà tí wọ́n wá sílé wa kẹ́yìn, ojú ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń bá bàámi sọ̀rọ̀.

Bàámi bá dọ́gbọ́n kan. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, wọ́n ya àgádágodo sára ilẹ̀kùn wa. Mo ní wọ́n yà á! Wọ́n ya ihò kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, wọ́n ya ìpẹtà sí i lára, wọ́n tún ya òjìji ẹ̀ sábẹ́. A wá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọlọ́bùrẹ́dì dé, ó rí àgádágodo, ó pòṣé, ó lọ. Oníkẹrosíìnì dé, ó ṣépè fún àgádágodo, ó lọ. Àwa wà ní pálọ̀ tá à ń jẹ̀bà wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi ọjọ́ tí òjò ká lańdílọ́ọ̀dù mọ́ iwájú ilé wa. Wọ́n fẹ́ fi agboòrùn wọn kọ́ àgádágodo kí wọ́n lè fún aṣọ wọn. Ó jábọ́. Wọ́n tún gbé e kọ́, ó tún jábọ́. A gbọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ ra ara ilẹ̀kùn. A wá gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ ṣílẹ̀kùn kí èmi náà tó ya ọlọ́pàá sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn dé Dùgbẹ̀. Àlàájà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, wọ́n kàn ránṣẹ́ sílé kí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn máa bọ̀. Ìyẹn ni bàbá tí mo bá lórí ẹní.

Bàámi jáde, wọ́n dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ìwọ ni. Ológò ni mí, Àlàájà ọlọ́dà ló rán mi. Tó o bá sanwó lónìí, mo lọ lónìí. Tó ò bá san án, sọ fún ìyàwó ẹ kó bá mi gbé omi ìwẹ̀ kaná."

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó á rán ológò sí i. Ológò á jókòó sílé onígbèsè, á máa jẹ, á máa mu, á máa fi gbogbo ẹnu bú wọn kí ará àdúgbò lè gbọ́. Kò ní kúrò títí owó á fi pé. Bàámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá, ayé ti là. Ológò ti tán nílẹ̀ yìí."

Bàbá Ṣakí ní, "Ó tán? Èmi wo wá lò ń wò yìí?"

Màámi ló kọ́kọ́ ní àwọn ò ní fún wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀bà jinná, wọn ò lè jẹ ẹ́ lójú àgbàlagbà. Wọ́n bù ú fún wọn. Bàbá Ṣakí wò ó, wọ́n ní ológò kì í jẹ gààrì, iyán ni àwọn baba ń fún ológò. Ẹ wo ìyọnu! Màámi yáwó lọ ra iṣu, ìyẹn ni pé a jẹ gbèsè kí ẹni tó wá sin gbèsè lè yó. Bàbá Ṣakí jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu àwo. Màámi kùn lábẹ́lẹ̀ pé, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá ẹ̀ délé."

Bàbá Ṣakí gbọ́. "Ilé wo?" ni wọ́n wí. "Ibí náà ni ilé."

Àríyànjiyàn ò wá sí níbẹ̀ mọ́. Ìṣòro tó kù ni pé ohùn ti tán lọ́fun wọn. Tí wọ́n bá ti bú bàámi lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ á gbé wọn. Wọ́n wá pè mí. "Àníkẹ́, o ní ohùn. Bá mi pariwo, kó má lọ dà bíi pé mi ò ṣiṣẹ́." Bínú ṣe máa ń bí mi tó nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí n wá bínú rí. Mo bọ́ síta, mo fọwọ́ mú ìbàdí, mo ké e títí wọ́n fi gbọ́ ọ lọ́nà Yunifásítì: "Bàbá Àníkẹ́! Sanwó olówó! Ojú ò tì ọ́!" Ìgbátí màámi dá mi dúró. Bàbá Ṣakí bínú, wọ́n ní, "Ìyá Àníkẹ́, ẹ má lu ọmọ iṣẹ́ mi."

Ṣé ẹ wá rí i, ohun tí kò sẹ́ni tó rò ni pé arúgbó yẹn máa wúlò. Ọlọ́bùrẹ́dì tún wá. Bàbá Ṣakí ò tiẹ̀ ká ẹsẹ̀ kò. "Níbo lò ń lọ?"

"Mo wá gbowó mi, bàbá."

"Tò sẹ́yìn. Èmi ni mo ṣáájú. Ológò méjì kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà kan."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn. Lańdílọ́ọ̀dù tó nilé gan-an, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú ẹní tiwọn wá, kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Bàámi wá ń sùn dáadáa. Wọ́n ń bá Bàbá Ṣakí ta ayò nírọ̀lẹ́. Màámi bá wọn tún ṣòkòtò tó ya ní ìdí ṣe. Nígbà míì, àlejò á dé, bàámi á ní, "Ológò wa nìyí," bí ẹni ń fi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ hàn. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ wọn, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé, "Béèyàn bá ń sunkún, a máa ríran." Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń rí.

Ìgbà tí Àlàájà retí retí tí owó ò dé, tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn náà ò dé, wọ́n gba táksì wá fúnra wọn. Wọ́n bá Bàbá Ṣakí tí wọ́n sanra.

"Bàbá àgbà, owó dà?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Ó ń bọ̀ lọ́nà? Iyán ni mo rán yín wá jẹ?" Wọ́n yíjú sí màámi. "Ìyá Àníkẹ́, ẹ má bínú sí mi o. Èmi náà jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún mi lówó. Mò ń gbé ẹ̀rọ yìí lọ, màá sì tà á."

Bàbá Ṣakí fò dìde, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mú. Wọ́n ní ohun tí ológò bá jókòó tì, ẹni tó rán an gan-an ò gbọdọ̀ gbé e. Àlàájà ń fà á síwájú, Bàbá Ṣakí ń fà á sẹ́yìn. Bàámi jókòó sórí àga, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kan lọ́wọ́. Màámi ló ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀."

Àlàájà pe ọlọ́mọlànkẹ́ kan, wọ́n sọ ibi tó máa gbé ẹ̀rọ lọ fún un, wọ́n wọ táksì wọn padà. Màámi wọlé. Mo rò pé wọ́n lọ sunkún ni. Wọ́n kó aṣọ oníbàárà tí wọn ò tíì rán tán sínú báàgì, wọ́n mú àlùmọ́gàjí àti òwú, wọ́n gbá gèlè, wọ́n tẹ̀ lé ọmọlànkẹ́. Mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá Ṣakí náà ká ẹní wọn. "Ohun tí mo jókòó tì ti ń lọ," ni wọ́n wí, "kí ni mo tún ń jókòó ṣe?"

Ẹ fojú inú wò ó o. A gba ẹnu géètì Yunifásítì, a gba Ṣàngó. Nígbà tá a dé òkè Mọ́kọ́lá, agbára ọlọ́mọlànkẹ́ ò gbé e mọ́, ó dúró, ó ń mí hẹlẹ. Àwa la bá a tì í. Màámi ń ti ẹ̀rọ ara wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á, èmi wà lápá kan, ológò wà lápá kejì tó ń fi ikọ́ ka ìṣísẹ̀. Àwọn èèyàn ń bi wá pé, "Ṣé ẹ̀ ń kó lọ síbi tuntun ni?" Màámi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bá wa ṣàmín."

Dùgbẹ̀ la bá Àlàájà, iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ní kí ọlọ́mọlànkẹ́ gbé e wọlé. Màámi ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níta yẹn ná. Wọ́n gba àpótí kan, wọ́n jókòó, wọ́n ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Àlàájà bi wọ́n.

"Ẹ̀rọ lẹ gbé, mà. Ẹ̀rọ ò mọ aṣọ rán fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tà á, owó ẹ̀ ò ní kájú gbèsè, ẹ ó tún máa wá mi kiri. Tí mo bá ń rán an níbí, ojú yín ni wọ́n á ti máa sanwó fún mi, ọwọ́ yín ni màá sì máa fi í lé."

Akunlé kan tó wá ra ọ̀dà ló yanjú ẹ̀. Orúnkún ṣòkòtò ẹ̀ ti ya pátápátá. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ lè bá mi lẹ eléyìí?"

Ojoojúmọ́ ni màámi ń lọ lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo akunlé ìlú Ìbàdàn ni aṣọ wọn ya, àbí kí ni mo mọ̀! Bàbá Ṣakí ló ń pe oníbàárà, ikọ́ àti gbogbo ẹ̀. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè Àlàájà tán, ẹ̀rọ wálé, Bàbá Ṣakí wọkọ̀ lọ sílé wọn. Ti ọlọ́bùrẹ́dì ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín.

Èmi náà ò ní ọ̀gá lónìí. Mo fúnra mi kọ́ kọ̀ǹpútà, mò ń ya káàdì àti pátákó fáwọn èèyàn ní Ṣálẹ́ǹjì. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi wá. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá sídìí ẹ̀, ọmọ tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí osùn, wọ́n ní kí n máa lọ. Ọjọ́ owó ilé ti kọjá. Ti bébà tí mo gbà láwìn náà ti kọjá. Gbogbo ẹni tó bá pè mí lórí fóònù torí owó ẹ̀, bíbú ni mò ń bú u, torí mo ṣì ní ohùn yẹn, kò dín. Mo máa ń rò pé ìyẹn ni ìgboyà.

Ọmọ kékeré tí mo jẹ́ nígbà yẹn ti ẹ̀rọ ìyá ẹ̀ gun òkè Mọ́kọ́lá lójú gbogbo ayé, kò tiẹ̀ béèrè ohun tó ń lọ ṣe. Obìnrin tó ń ta bébà fún mi, òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, mò ń rí i láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Ó ń gbálẹ̀. Ó ti rí mi, ó juwọ́ sí mi. Láti oṣù tó kọjá, mi ò tíì lè sọdá lọ bá a.