Àwọn Tó Kọ́ Èéfín Jíjẹ

Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn èèyàn ń fi mọ́tò wọn sílẹ̀ ní ẹ́pọ́ọ̀tù sá lọ sílé, mo ń bá ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣiṣẹ́ ní Jebel Ali. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọ̀mọ̀wé nípa kòkòrò àìfojúrí. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Iṣẹ́ sẹkúrítì ni mo bá wá sí ìlú náà, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé mo ka sáyẹ́ǹsì díẹ̀ nílé, ó bá mi sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà mí.

Ilé-iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Jumeirah Lake Towers, ṣùgbọ́n inú wíàháùsì tó wà ní Jebel Ali la ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Táńkì irin kan ló wà níbẹ̀, a dé e pa, ẹrẹ̀ omi ìdọ̀tí ló sì kún inú rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni àwọn kòkòrò wa ń gbé. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí, májèlé ni fún wọn. Gáàsì ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ di mẹ́téènì, èyí tí èèyàn lè fi dáná.

Ẹ̀gbọ́n máa ń sọ̀rọ̀ wọn bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Tí a bá fún wọn ní haidirójìn pọ̀ mọ́ gáàsì tí èèyàn ń mí síta, kíá ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ tán. Àwọn mìíràn nínú wọn fẹ́ràn ohun kíkan bíi fínígà, àwọn yẹn kì í kánjú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ́ láti jẹ ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, gáàsì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé sójú oorun nílé wa.

“Ṣé kò ní pa wọ́n báyìí?” ni mo bi í.

“Tó bá pọ̀ jù, á dá wọn dúró. Ìyẹn la ṣe ń fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ata jíjẹ.”

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, a ò rí nǹkan kan. Àsìkò yẹn ni àbúrò ẹ̀gbọ́n pè láti Abẹ́òkúta pé ara màmá wọn ò yá.

“Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n,” ni mo sọ. “Mo lè máa bójú tó wọn.”

“Mo mọ̀ pé o lè ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ yí padà, mo ń rí i. Jẹ́ kí mẹ́téènì yìí kọ́kọ́ jáde, màá lọ wo màmá.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wo ojú ẹ̀rọ tí a fi ń díwọ̀n gáàsì, ó sì jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a dojú ẹ̀ dé. “Wọ́n ń jẹ ẹ́,” ló sọ, ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. Kò yá bíi ti haidirójìn, ó ń rọra jáde ni, ṣùgbọ́n mẹ́téènì ni. Mo lọ ra tíì wá, a mu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, àbúrò rẹ̀ tún pè. Màmá ti lọ.

Ìsìnkú ló wá lọ bá. Kó tó padà, àwọn olówó ilé-iṣẹ́ náà ti kó ọwọ́ wọn kúrò. Aṣọ dúdú ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi lọ bẹ ọ̀gá wa pé kó fún wa láyè díẹ̀ sí i.

“Madam, khalas, ó ti parí,” ni ọ̀gá náà wí. “Wọ́n máa já iná.”

Ó ti pe ọkọ̀ tó máa wá fa táńkì náà gbẹ. Ẹ̀gbọ́n ò bá a jiyàn. A rọ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà sínú ìgò méjì, a lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú wọn, a fi rọ́bà dé wọn pinpin. A gbé wọn wọ takisí lọ sí Sharjah, sọ́dọ̀ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó mọ̀, kó lè bá a tọ́jú wọn. Nígbà tí a kọjá Abu Shagara, níbi tí mo ní bedspace sí, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan tí mo háyà nínú yàrá ọ̀pọ̀ èèyàn, ó rí i pé mo di ìgò tó wà lórí itan mi mú gírígírí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé.

Kò rí iṣẹ́ mìíràn, vísà rẹ̀ parí, ó sì padà sílé. Lẹ́yìn ìgbà ooru, ó ní kí n lọ bá òun wo àwọn ìgò náà. Olùkọ́ yẹn náà ti lọ. Ọmọbìnrin tí mo bá nínú yàrá ìwádìí náà ní àwọn ti kó gbogbo ohun tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín dànù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún un.

“Irú wọn wà nínú ìgbẹ́ màálù lọ́dọ̀ yín níbẹ̀,” ni mo sọ. “Ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀.”

“Àwọn yẹn ò tíì kọ́ èéfín jíjẹ,” ló dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àbúrò, ká ní mo lọ nígbà tí o ní kí n lọ ni.”

N kò mọ màmá rẹ̀ rí. Mo kàn ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

Iléèwé girama ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. A máa ń pe ara wa nígbà Àjíǹde, a ó béèrè àlàáfíà. A kì í sọ̀rọ̀ táńkì.