Pákó Tí Kò Fẹsẹ̀ Kanlẹ̀

Ogun abẹ́lé ti parí fún ọdún díẹ̀ nígbà tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán ní Iléṣà, tí mo kó ẹrù mi padà sílé ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Mo sọ fún bàbá mi pé físíìsì ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì. Bàbá mi, tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè, ti gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ dè mí.

"Kí ni wọ́n ń fi físíìsì ṣe?"

Ẹnu mi kì í gbélé. Mo ní mo lè ṣe pákó tí èèyàn á jókòó lé, tí kò ní lẹ́sẹ̀, tí kò ní ní táyà, tí á sì máa rìn lókè ilẹ̀. Ìyá mi pòṣé. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí pákó náà bá gbé odidi èèyàn láti ògiri pálọ̀ kan dé èkejì, àwọn á gbà fún mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀, màá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.

Òòfà ni mo kọ́kọ́ sá bá. Mo tọrọ mẹ́jọ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Fìà. Mo to mẹ́rin sílẹ̀, mo lẹ mẹ́rin mọ́ abẹ́ pákó, kí ojú tó jọra máa wo ara wọn.

"Òòfà ni wọ́n ń pè é," ni bàbá mi wí. "Fífà niṣẹ́ ẹ̀. Ṣé á wá máa ti nǹkan ni?"

Mo ní kí wọ́n fọwọ́ tẹ pákó náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ń ti ọwọ́ wọn padà. Mo fò sókè bí ọmọdé! Àmọ́ bí a ṣe yọwọ́, pákó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dojú dé, àwọn òòfà sì gbá ara wọn mú, pàá. Mo ṣe é títí ìka mi fi bó. Ohun tó ń tì í sókè wà, ohun tó máa dì í mú lójú kan ni kò sí.

"Orúkọ ń ro ọmọ," ni bàbá mi wí, wọ́n sì lọ kírun.

Inú bí mi débi pé mi ò jẹun. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ìyá mi tí wọ́n fomi gbígbóná ṣan ife kan, tí wọ́n dojú ẹ̀ dé sórí tábìlì tó lómi. Ife náà rìn! Kò sẹ́ni tó tì í. Atẹ́gùn tó gbóná nínú ẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde, yíká yíká, ìyẹn ni kò fi ṣubú. Mo kígbe, ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi sára.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti wà ní Ìbòkun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, mo ń bẹ̀ wọ́n nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti fẹ́ná. Wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn yí i, wọ́n bá mi wọkọ̀ wá. A kan rọ́bà inú táyà lọ́rì yí etí abẹ́ pákó ká, a lu ihò sáàárín, a ti páìpù ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo fẹ́ jókòó.

"Ìwọ fúyẹ́," ni bàbá mi wí. "Odidi èèyàn ni mo sọ." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó lé pákó náà.

Alágbẹ̀dẹ ń yí ẹ̀rọ, rọ́bà wú, atẹ́gùn ń sá jáde létí kan, pákó ò mira. Ìyá mi wo fọ́ọ̀mù lórí tábìlì. Ìgbà náà ni mo rántí pé tábìlì ọjọ́sí lómi! Mo gbá kẹ́tùlù àlùwàlá mú, mo da omi yí etí rọ́bà ká. Ariwo atẹ́gùn rọlẹ̀. Mo fi ìka kan ti èjìká bàbá mi.

Wọ́n lọ. Wọ́n lọ gbọrọgbọrọ, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, títí ẹ̀yìn wọn fi kan ògiri kejì.

"Súbúhánàllàhí. Ta ló tì mí?"

"Ìka mi yìí ni, Bàbá."

Wọn ò dìde. Wọ́n ní kí ìyá mi bá àwọn gbé fọ́ọ̀mù yẹn kúrò lórí tábìlì. Wọ́n wá yíjú sí alágbẹ̀dẹ tó ń nu òógùn.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yí."