Kòtò tí Àbúrò Mi Ń Dúró Sí

Òórùn àdín gbígbóná ni ó máa ń jí mi láàárọ̀, kí n tó gbọ́ ìró àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, lẹ́yìn ọmọ: pá, pá, pá. Wọ́n á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wa ní Èsìẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, àbúrò mi á sùn lé e lórí bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Wọn a fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, wọn a na apá rẹ̀, wọn a ká orúnkún rẹ̀ dé ikùn, wọn a sì jù ú sókè kí ẹ̀rù má baà máa bà á. Kò sí ọmọ agbo ilé wa tí kò gba abẹ́ ọwọ́ yẹn kọjá.

Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni ìyá mi bí i. A kórè ọ̀kà bàbà, a tún gbin òmíràn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ káàkiri àgbàlá, òun kò tíì rá. Ibi tí a bá gbé e jókòó sí náà ni a ó ti bá a.

Ìyàwó ilé kan tí ẹnu rẹ̀ mú wí fún ìyá mi pé: “Ìyálé mi, ọmọ yín yìí mà gbọ́n o! Ó ti mọ̀ pé ẹni tó bá lè rìn ni à ń rán lódò.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ yàrá lọ sunkún. Nígbà náà, ọmọ tí kò bá dìde lásìkò, àwọn kan a máa wò ó bí àlejò tí kò fẹ́ dúró.

Ni ìyá àgbà bá gbẹ́ kòtò. Bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá falẹ̀: a ó gbé e dúró sínú kòtò tó mu ún dé ìbàdí, a ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ tí oòrùn ti yá há a mọ́lẹ̀, kí eegun rẹ̀ lè kọ́ ìdúró. Wọ́n fi ọsàn pípọ́n lé mi lọ́wọ́ kí n máa fi tàn án. Àbúrò mi dúró ṣánṣán bí òpó, ṣùgbọ́n kò nawọ́ sí ọsàn. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Kò sẹ́ni tó fura.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kan da igbá ẹ̀kùrọ́ nù lẹ́yìn mi. Bí ẹ̀kùrọ́ ti ń dà wàràwàrà, àbúrò mi yí orí, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìró náà, ó ń jà kí ó jáde nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyá àgbà súnmọ́ wa. Wọ́n gba ọsàn lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e kọjá níwájú ọmọ náà, sí ọ̀tún, sí òsì. Ojú kò tẹ̀ lé e.

“Ìyàwó mi, wá jókòó,” ni wọ́n wí fún ìyá mi. “Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ yìí kò ríran. Kí ni kí ó dìde lọ bá, nígbà tí kò mọ̀ pé nǹkan wà níwájú?”

“Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!”

“Mo ti sọ ọ́. Ẹ gbé e lọ fún dókítà ní Ọ̀mù-Àrán; ojú kọjá ọwọ́ mi. Ìrìn kò kọjá ọwọ́ mi.”

Dókítà wò ó, ó ní ojú náà kò ní là. Ọjọ́ tí wọ́n padà dé, ìyá àgbà dí kòtò. Wọ́n da ẹ̀kùrọ́ sínú agbè kékeré, wọ́n ní kí n máa mì ín níwájú ọmọ, kí n máa fà sẹ́yìn.

“Má yára o,” ni wọ́n ń wí. “Bí o bá yára, yóò rò pé ayé ti lọ fi òun sílẹ̀.”

Báyìí ni ó ṣe rá. Báyìí ni ó ṣe di ògiri mú. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ la àgbàlá kọjá. Ìyá mi kúnlẹ̀. Ìyàwó ilé ẹlẹ́nu mímú náà ni ó figbe ta: “Ẹ kó ìkòkò kúrò lọ́nà o, ọkọ wa ń bọ̀!”

Ìyá àgbà ti sùn tipẹ́. Èmi náà ti tọ́ ọmọ, mo ti tọ́ ọmọ-ọmọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá falẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ ń kígbe mọ́ ọn pé kí ó dìde, mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tí ọmọ náà mọ̀ pé ó wà níwájú òun. Ohun tí a ń lọ bá ni ó ń pe ẹsẹ̀. Bí n kò bá sì mọ̀ ọ́n, n ó dákẹ́, n ó jókòó tì í nílẹ̀, títí n ó fi mọ ibi tí ó kọ ara sí.