Ìyá Tó Ní Ká Fẹjọ́ Òun Sùn

Bí lẹ́tà bá pẹ́ dé ní póòsì Ìwó, tí inú ń bí wa, ìyá tó ń ta sítáǹbù á ní, "Ẹ fẹjọ́ mi sun àwọn ọ̀gá l'Ékòó. Bí ẹ ò bá pariwo, wọn ò ní tún ọkọ̀ lẹ́tà wa ṣe."

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì ni mo yọ̀ǹda ara mi láti kọ ìwé ẹ̀sùn náà. Kí gírámà mi lè dùn, mo ní ọ̀lẹ paraku ni ìyá náà. Ìyá ò kà á, wọ́n ní, "Lẹ́tà onílẹ́tà ni." Àwọn fúnra wọn ló lẹ sítáǹbù mọ́ ọn.

Ọkọ̀ ò rí àtúnṣe. Èkó ní kí ìyá máa lọ ṣiṣẹ́ ní Sókótó.

Ọjọ́ tí wọ́n ń di ẹrù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti jẹ́wọ́. Kí n tó lanu, ìyá ní,

"Dìde, ọmọ dáadáa. Ìwọ nìkan lo wá dágbére fún mi."