Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Rán Mi sí Mítìn Ọsíbítù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ọkọ mi ò mọ̀. Ó ti wá wúwo jù fún mi.

Àǹtí Bọ́lá ni ẹ̀gbọ́n mi, òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ìsìkàn níbí ní Àkúrẹ́ la jọ ń gbé. Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la máa ń lọ sí ọsíbítù ìjọba kan láàárín ìlú kí ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tán nìyẹn, kò ní lè dá dúró, inú á máa rìn ín. Àmọ́ kò burú, nítorí kò tó ogún ìṣẹ́jú tí táksí á fi gbé wa délé, á sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ni lẹ́tà bá dé láti ọsíbítù! Wọ́n ní kí ẹbí gbogbo àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà wá sí mítìn. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ẹ̀rọ lọ sí ọsíbítù kan ní ìlú Oǹdó, kí dókítà àti iná lè wà lójú kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn wa kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Àǹtí mi fi rán mi. Ó ní, "Sọ fún wọn pé kì í ṣe lílọ ni wàhálà mi, bíbọ̀ ni. Tí mo bá kúrò lórí ẹ̀rọ, mo kàn fẹ́ dé ulé ni. Má gbàgbé o."

Ṣé irú èmi yìí lè gbàgbé? Mo ń tún un sọ lábẹ́ ètè mi títí mo fi wọ gbọ̀ngàn.

Ẹ ṣáà mọ bí mítìn tiwa ṣe máa ń rí. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kíra wọn títí. Alága ṣàlàyé ètò náà dáadáa, kò sì gbéra ga sí wa. Ó wá béèrè ta ló ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo ti ń nawọ́ bọ̀ nígbà tí Bàbá Àjàyí dìde. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà ń lo ẹ̀rọ. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba pé wọ́n rántí wa, ó ṣàdúrà fún wọn, ó ní ire ni gbogbo rẹ̀ á já sí. Àtẹ́wọ́ sọ gèè!

Mo ṣì fẹ́ dìde. Ìyá tó jókòó tì mí fa ìró mi. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ pé bàbá ti bá wa sọ ọ́ ni, àbí mo fẹ́ já àgbàlagbà nírọ́ lójú àlejò? Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lẹ máa ṣe? Mo jókòó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ta kò ó. A ya fọ́tò, wọ́n pín mínírà, a túká.

Mo délé, Àǹtí mi bi mí bóyá mo sọ ọ́. Mo ní mo sọ ọ́, wọn ò kàn gbọ́ ni. Irọ́! Irọ́ funfun báláú!

Báyìí ni wọ́n ṣe kó ẹ̀rọ lọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì Oǹdó, wọ́n tọ́jú wa bí ẹbí. Ọ̀nà ló pa wá. Tá a bá ń bọ̀, orí rẹ̀ á wà lórí itan mi lẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí, á bi mí pé ṣé a ti dé Ọ̀wẹnà tó wà láàárín ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi lọ́jọ́ kan, òun á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ wú, ojú náà wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "O ṣé, àbúrò mi. Ìwọ tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ níwájú wọn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àǹtí mi ti lọ.

Bàbá Àjàyí wá kí mi kú ara fẹ́ra kù. Bó ṣe jókòó ló bú sẹ́kún. Ó ní òun náà ò fẹ́ kí wọ́n kó ẹ̀rọ lọ, pé ọmọ òun ń jìyà ọ̀nà yẹn. Ó ní torí pé òun ni àgbà, òun rò pé ọpẹ́ ló yẹ kí òun fi ṣíde, kí àwa ọmọ wá sọ ohun tó ń dùn wá. "Mo jókòó, mo ń retí yín," ni bàbá wí, "ẹ ò sọ nǹkan kan!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ọpẹ́ àgbà kò dí ọ̀rọ̀ lọ́nà. Tí wọ́n bá pè yín síbi tí wọ́n ti ń ṣètò ọsíbítù yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí bàbá, kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ yín. Wọ́n tún ti pe mítìn míì báyìí, lórí wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Mi ò lóyún, mi ò lẹ́ni tó lóyún, ṣùgbọ́n mò ń lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ kan ti kú sí yín lẹ́nu rí, níbi tó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Tèmi rèé.

Àǹtí Bọ́lá, mi ò sọ ọ́. Ẹ foríjì mí.