Ọjọ́ tí Ìyá Ìbéèrè Dáhùn

Èmi ni akọ̀wé ilé ìwé yẹn. Èmi ni mò ń gba fọ́ọ̀mù, èmi ni mò ń kọ orúkọ, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi náà ló ń bọ̀. Torí náà, tí mo bá ní mo mọ bí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbéèrè ṣe jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Ojú mi ló ṣe, ẹnu mi sì wà níbẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀kọ́ Ìsìn ní yàrá keje, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí fèrèsé kan kì í ti í pa dé dáadáa. Àwọn ọmọ ló fún un lórúkọ náà. Tí ọmọ kan bá ní, "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé àwọn òkú máa jíǹde?" òun náà á ní, "Kí lo rò? Kí ló mú ẹ rò bẹ́ẹ̀? Kí ni ẹni tó jókòó tì ẹ́ rò?" Ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì á jókòó ti ọmọ onímọ́sálásí, gbogbo àga á yí ká, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Àga tirẹ̀ náà á wà láàárín tiwọn, ojoojúmọ́ ló sì ń pààrọ̀ ibi tó ń gbé e sí. Ọmọ káfíńtà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Òun àti Ìyá Ìbéèrè lè jiyàn títí aago á fi lù, kí wọ́n tún máa bá a lọ lórí àtẹ̀gùn.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ò ju ẹyọ kan lọ: kò sẹ́ni tó mọ ìsìn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ẹ lè má gbà mí gbọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìpẹ̀kun ìlú ló ń gbé, ìlú kejì ló sì ti ń lọ jọ́sìn. Aṣọ rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ìsìn rẹ̀ sí, igi ló fà síbẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan nígbà tá a jọ ń mu tíì, ó ní, "Àbúrò, èwo lo fẹ́ kí n máa ṣe?" Inú bí mi, mo tún rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn, wàhálà ni.

Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá ilé ìwé pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ lójú tirẹ̀, Ẹ̀kọ́ Ìsìn ti kú, ó kù ká sin ín.

"Ẹ wò ó, Màmá," ó ní, "kọ̀ǹpútà ni gbogbo òbí ń béèrè báyìí. Tí àwọn tó yan Ẹ̀kọ́ Ìsìn ò bá pé ogún nígbà tí aago méjìlá bá máa lù ní Ọjọ́bọ̀, a máa fà á kúrò, a ó sì kó kọ̀ǹpútà sí yàrá keje. Tá a bá ti fà á kúrò, ẹ má retí pé ó máa padà wá."

"Ta ló máa wá kọ́ wọn?"

"Ilé ìjọsìn wọn. Kí kálukú kọ́ tirẹ̀."

"Tirẹ̀ nìkan. Ti aládùúgbò rẹ̀ ńkọ́? Ibo ló ti máa gbọ́ ọ?"

Ọ̀gá wo aago ara ògiri. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ku mẹ́ta. Bí ilé ìwé bá ti ń tán, Ìyá Ìbéèrè á gbé báàgì rẹ̀, á máa ti ilé òbí kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀kan ní dókítà lọmọ òun fẹ́ dà, kí ni Ẹ̀kọ́ Ìsìn fẹ́ ṣe fún dókítà. Ọ̀kan ní ìsìn ló ń dá gbogbo ìjà sílẹ̀, kí kálukú fi tirẹ̀ sílé. Ọ̀kan ò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ojú fèrèsé ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé ajá. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàtà rẹ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kò rí ẹyọ kan.

Ní Ọjọ́rú, mo ní mi ò ní jẹ́ kó dá lọ. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì la gbà lọ, télọ̀ tó wà nídìí ilé ìfowópamọ́. Ìbejì rẹ̀ wà ní ilé ìwé wa, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mẹ́ta géérégé! Orí ẹ̀rọ la bá a, abẹ́rẹ́ olórí wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó sára aṣọ, ó ní:

"Ẹ̀yin Tíṣà, àwọn ọmọ yìí ò jẹ́ kí etí mi sinmi nítorí yín. Màá buwọ́ lù ú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan péré: ìsìn wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ mọ̀, Bàbá Ìbejì?"

"Ẹ ò rí i! Ìbéèrè lẹ tún fi dá mi lóhùn. Ẹni tó gbé aṣọ wá fún mi, ó mọ ọwọ́ tó máa gé e. Ọmọ lèmi fẹ́ gbé fún yín. Ẹ sọ ọ́, kí n buwọ́ lù ú. Tẹ́ ò bá sì ní sọ ọ́, ẹ jẹ́ n máa báṣẹ́ mi lọ."

Èmi ni mo fa aṣọ Ìyá Ìbéèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un jàre," mo ní. "Kí ló wà ńbẹ̀? Àwa mẹ́ta náà la wà níbí."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Títí dòní, mi ò tíì lè foríji ara mi.

Ó wò mí, ó wo fọ́ọ̀mù mẹ́ta tó wà lórí tábìlì, ó sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mi ò ní sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Tí mo bá sọ ọ́, ìdajì yín á túbọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìdajì tó kù á ní àwọn ti fura tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n sì ṣe fún un gan-an nìyẹn.

"Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀!" Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín, ó gbá ẹ̀rọ rẹ̀ lórí. "Tiwa ni yín!" Ó buwọ́ lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkà wọ́n.

Nígbà tá à ń padà lọ, inú mi dùn débi pé mò ń fò. "Ogún ti pé, ẹ̀gbọ́n!" Ó ní, "Ó ti pé." Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé kò bi mi ní ìbéèrè kankan lójú ọ̀nà.

Bàbá Ìbejì ò ní ibi lọ́kàn. Inú rẹ̀ ló dùn, gbogbo ẹni tó sì wọlé wá wọn aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló bá a gbọ́ ọ. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù ọ́fíìsì dún. "Ẹ yọ orúkọ ọmọ mi kúrò. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká tètè mọ irú ẹni tó jẹ́." Mi ò tíì gbé e sílẹ̀ tí òmíràn fi wọlé. Káfíńtà, bàbá Lọ́yà, ò tiẹ̀ pè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi wá. Kó tó di aago mẹ́wàá, mo ti fi báírò pupa fa igi lórí orúkọ márùn-ún. Àwọn tó ń ṣe ìsìn kan náà pẹ̀lú Bàbá Ìbejì náà pè, wọ́n ní àwọn kí wa kú oríire. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mú fọ́ọ̀mù wá.

Mo gbé ìwé orúkọ náà gun òkè.

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá keje ni mo ti rí i. Àwọn àga ò yí ká mọ́. Àwọn ọmọ ti pín ara wọn kí Ìyá Ìbéèrè tó wọlé, àwọn kan lẹ́bàá fèrèsé, àwọn kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ilẹ̀ lásán ló wà láàárín. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Àwọn Ìbejì ti fàyè sílẹ̀ fún Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń fọwọ́ pè é, ẹ̀rín kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Lọ́yà wà ní ìdúró, báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Tíṣà, bàbá mi ní kí n má wá mọ́. Mo kàn fẹ́ béèrè nǹkan kan ni."

"Béèrè."

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń bi wá ní kí la rò, ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ ni, àbí ẹ kàn ń dúró kí ẹnì kan sọ èyí tó wà lọ́kàn yín?"

"Mo fẹ́ mọ̀," Ìyá Ìbéèrè ní. "Lọ́yà, Ọlọ́run ló gbọ́, mo fẹ́ mọ̀."

Ọmọ náà rọra ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà," bí wọ́n ṣe ń dá àgbàlagbà lóhùn kó má baà bínú, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìbéèrè gbé àga rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó rí ẹ̀rín àwọn Ìbejì, ó dúró. Ó yí padà sọ́dọ̀ àwọn tẹ̀bá ilẹ̀kùn, gbogbo wọn tẹrí ba. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ sáàárín, kò lè ṣe é. Ó gbá àga náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára èmi àti ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Kò béèrè iye tó kù.

"Àbúrò," ó ní, "níbo ni kí n jókòó sí?"

Mo wo aago ọwọ́ mi. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù.