Ọjọ́ Tí Ṣìkẹ́mi Sọ Ẹja Lórúkọ

Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà Stockbridge ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kejì, tí ẹ rí obìnrin kan tó ń wa mọ́tò jẹ́jẹ́ bí ẹni tó kó ẹyin, tí gbogbo ayé ń fọn fèrè sí i lẹ́yìn, tí òun sì ń rẹ́rìn-ín, Ṣìkẹ́mi nìyẹn. Àpótí dígí kan ló jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú, ó sì fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga. Ọkùnrin kan tó ń kó kúrò nílùú ló tà á fún un ní ẹ̀dínwó, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi àti èyí tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá péré ló ń gbà. Ṣùgbọ́n bí Ṣìkẹ́mi ṣe ń wò ó níbi gbogbo tí iná pupa bá ti dá a dúró, ẹ ó rò pé òkun gan-an ló rà.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, inú fúláàtì oníyàrá kan ló sì ń gbé ní Stone Mountain. Ní ibi iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ẹja ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí ẹja omi òkun kan síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, ẹja pupa kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó ní ìlà funfun mẹ́ta lára. Ní gbogbo àárọ̀, bó bá ti rí Ṣìkẹ́mi, á sáré wá síbi dígí, á máa mi ìrù. Ọdún mẹ́fà ni Ṣìkẹ́mi fi ń sọ fún un pé, "Ìwọ nìkan lo ń kí mi dáadáa níbí." Nígbà tó yá, ó mú àpò ìwé kan, ó fi igba dọ́là sínú rẹ̀, ó kọ ÒKUN gàdàgbà sí i lára. Owó yẹn kì í ṣe ti rẹ́ǹtì, kì í ṣe ti àwọn ará ilé ní Òṣogbo. Ti òun Ṣìkẹ́mi ni, kò sì ní fi dọ́là kan lé e.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ọmọ tuntun bá dé, Aunty Ṣìkẹ́mi ló ń gbé agbọ̀n ìsọmọlórúkọ wá: oyin, iyọ̀, omi, ẹja gbígbẹ àti àwọn tó kù. Òun ló ń tọ́ wọn sí ọmọ lẹ́nu, òun ló mọ àdúrà tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Láti ọdún méjìlélógún, ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́rin ló ti lá oyin ní ìka rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò bí. Ó ti sunkún rẹ̀ nígbà kan, ó sun ún dáadáa, ó sì ti nu ojú kúrò níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì máa ń ta á lára díẹ̀: gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di Mummy Lágbájá, Mummy Tẹ̀mẹ̀dù, òun nìkan ló ṣì jẹ́ Aunty.

Gbémi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń gbé ní Snellville, ló kọ́kọ́ wá wo òkun náà. Iná ń tàn nínú rẹ̀, omi mọ́ gaara, iyanrìn funfun wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú òkúta mẹ́ta.

"Ṣìkẹ́, where is the fish?"

"Wọn ò tíì dé."

"So òkúta lo wá ń tanná fún? Light bill ẹ ti pọ̀ jù ni?"

Ẹni tó ń ta ẹja ló kọ̀ láti tà á fún un. Awóníyì ni orúkọ rẹ̀, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, onírùngbọ̀n funfun, tó máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun sọ́rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní orúkọ yẹn lẹ́yìn tó ti di ọmọlẹ́yìn Òrìṣà. Kíláàsì ló ti kọ́ Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì máa ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í pọ́n lé. Ológbò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pàápàá, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá," ló kí Ṣìkẹ́mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣìkẹ́mi bojú wẹ̀yìn láti wo ìyá tó ń kí.

Awóníyì ṣàlàyé fún un pé omi tuntun kò ì tíì jinná. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà tí ojú ò lè rí, àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí tí ẹja bá yà sínú omi. Bí wọn ò bá tíì pọ̀ tó, ìdọ̀tí ẹja á pa ẹja. Kó ju edé tútù kan sínú omi, kó jẹ́ kó jẹrà kí àwọn kòkòrò náà lè rí jẹ, kó sì ní sùúrù. "Ìyá, it's not the fish we take care of. Omi ni. Bí omi bá gbádùn, ẹja á gbádùn."

Báyìí ni Ṣìkẹ́mi ṣe ń tọ́jú edé jíjẹrà. Ní gbogbo Sátidé, á bu omi sínú ike kékeré, á gbé e lọ fún Awóníyì bí ẹni gbé ìtọ̀ lọ fún dókítà. Awóníyì á kán oògùn sí i, omi á yí àwọ̀, wọn á jọ wò ó, Awóníyì á mi orí. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Awóníyì wò ó títí, ó ní, "Ó ti jinná." Ṣìkẹ́mi fò sókè láàárín àpò iyanrìn, ó dì mọ́ bàbá onírùngbọ̀n, ológbò sá wọ abẹ́ tábìlì. Ó rántí pé ṣọ́ọ̀bù lòun wà, ó tún gèlè ṣe, ó sì tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹja méjì ló gbé délé, pupa bí epo tuntun, ìlà funfun mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó inú ÒKUN tán pátápátá. Awóníyì ti ní kó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, Ṣìkẹ́mi ní ó dìgbà tí owó oṣù bá wọlé. Kò sí ẹni tó rí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn tí kò gbọ́. Ó fi fọ́tò wọn han àwọn nọ́ọ̀sì, ó fi han àwọn aláìsàn, ó fi han ẹja ibi iṣẹ́.

Ní Sátidé kejì, Gbémi dé pẹ̀lú ike ṣin-ṣín, ó jókòó síwájú dígí, ó ka ọjọ́ lórí ìka.

"Ṣìkẹ́! Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ!"

Wọ́n wo ara wọn.

"Iyọ̀ wà nílẹ̀," ni Gbémi wí. "Omi wà nílẹ̀. Ẹja wà nílẹ̀, òun gan-an ni ọmọ. Kí ló kù?"

"Oyin!" Àwọn méjèèjì ló pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín sì gbé wọn ṣubú lórí àga.

Agbọ̀n ìsọmọlórúkọ kúkú wà nítòsí, Ṣìkẹ́mi ti tò ó sílẹ̀ fún ọmọ tuntun kan tí wọ́n máa sọ lórúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ó wé gèlè, ó dúró ṣinṣin níwájú àpótí, ó mú ojú le. Gbémi ní kí òun fi owó orúkọ sílẹ̀ bí àṣà, ó yọ kọ́bọ̀ pupa kan, ó fẹ́ jù ú sínú omi. Ṣìkẹ́mi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Copper! O fẹ́ pa mí lọ́mọ ni? Fi sórí tábìlì!"

"Ẹ má bínú, dókítà ẹja."

Ṣìkẹ́mi bá mú ìgò oyin. "Adùn là ń bá nílé oyin. Ìwọ tó ò ń sáré yìí, òkìkí rẹ ti dé Snellville kí ìwọ tó dé ilé mi, Òkìkí ni wọ́n á máa pè ọ́." Ó da ṣíbí oyin kan sínú omi. "Ìwọ tó o tẹ̀ lé e, ire lo kó dé, Olúwakóredé ni ọ́." Ó da ṣíbí kejì. Gbémi ṣe àmín. Nítorí pé inú rẹ̀ dùn dé góńgó, Ṣìkẹ́mi da ẹ̀kẹta fún onílé, ìyẹn òun fúnra rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i o. Obìnrin tó ń wọn iyọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó gba kọ́bọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ da ṣíbí oyin mẹ́ta sínú òkun. Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ó ti múra tán, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Omi ti funfun bí omi ògì. Òkìkí àti Kóredé wà lókè téńté, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Ṣìkẹ́mi sáré mú fóònù. Ó pe Awóníyì.

"Kí ni ẹ fi sínú omi, Ìyá?"

"Kò sí nǹkan kan, sir."

"Ìyá."

"Oyin."

"How much?"

"Ṣíbí mẹ́ta. À ń sọ wọ́n lórúkọ ni, sir."

Awóníyì wúkọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹ̀rín mì. "Ìyá, oyin, ti Ọ̀ṣun ni. Ọ̀ṣun lives in the river. Ẹ̀yin, omi iyọ̀ lẹ ní."

"Christian ni mí o, sir."

"The bacteria don't know that." Ó wá ṣàlàyé kíákíá. Àwọn kòkòrò tíntìntín ti rí ṣúgà, wọ́n ti di ọ̀kẹ́ àìmọye, wọ́n sì ti mí gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán mọ́ ẹja lọ́wọ́. Kó gbọ́n ìdajì omi dànù, kó fi tuntun dí i, kí iyọ̀ rẹ̀ àti ìlọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ̀ bá ti èyí tó kù mu. Ṣé ó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn? Kò ní. Ó dára, kó mú kọ́ọ̀pù, kó máa bu omi náà, kó máa dà á padà láti òkè, kó má dáwọ́ dúró. Òun fúnra òun wà ní Savannah lọ́dọ̀ ọmọ òun. "Don't wait for me, Ìyá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí."

Bí Ṣìkẹ́mi ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni Gbémi, tó wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fọn fèrè mọ́tò nísàlẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó gòkè wá, ó wo àpótí, ó gbá ẹnu mú.

"Ṣìkẹ́, pẹ̀lẹ́. But a ní láti máa lọ. Wọ́n ń dúró de agbọ̀n."

"Mi ò lọ."

"Ọdún méjìlélógún, o ò pa ọ̀kan jẹ rí! Ẹja lèyí o. Ọmọ ènìyàn ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo mọ̀," ni Ṣìkẹ́mi wí, ó ti ń tú gèlè. "Ọmọ yẹn ní ìyá. Ó ní bàbá, ó ní grandma méjì, ó ní gbogbo choir. Àwọn méjì yìí, èmi nìkan ni wọ́n ní."

Gbémi tún wo àpótí lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ.

Ṣìkẹ́mi po iyọ̀ mọ́ omi mímu tó wà nílé, ó fi ike tó fi ń wọn iyọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú omi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbọ́n ìdajì dànù, ó dí i. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́ọ̀pù. Ó bù, ó dà á láti òkè. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń da tíì láti kọ́ọ̀pù sí kọ́ọ̀pù kó lè tutù kó tó gbé e fún un, gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Wákàtí kan kọjá, apá ọ̀tún kú, ó fi òsì gbà á. Léèsì rẹ̀ ti tutù dé igbáàyà. Nígbà kan, Kóredé sọ̀ kalẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn.

"Kóredé! Kì í ṣe ìdùbúlẹ̀ ni mo sọ ọ́! Dìde! Ire ni mo ní kó o kó wá!" Ó ń dà á, ó ń bú u, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń sunkún, kò sì dáwọ́ dúró.

Nígbà tí Gbémi fi padà dé pẹ̀lú jọ̀lọ́ọ̀fù ìkómọ, aago mẹ́ta ti kọjá. Ṣìkẹ́mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kọ́ọ̀pù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ti ń mọ́. Òkìkí wà níbi dígí, ó ń mi ìrù sí i. Kóredé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣa oúnjẹ.

Gbémi pariwo, ó jó yí àga ká. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì ń wo ilẹ̀. "Ṣìkẹ́, mo ṣe nǹkan kan. Pastor bi mí níwájú gbogbo ìjọ pé Aunty Ṣìkẹ́mi ńkọ́. Ẹnu mi kàn là, mo ní, 'Mummy Òkìkí ò lè wá, ara ọmọ rẹ̀ ò yá.' Pastor bá ní kí gbogbo ìjọ dìde, ká gbàdúrà fún Òkìkí."

"O ṣe kí ni?"

"Wo phone ẹ."

Fóònù ti ń gbọ̀n láti ọ̀sán. Ó ṣí i.

*Mummy Òkìkí, báwo ni ara ọmọ?*

*Mummy Òkìkí, it is well in Jesus name.*

*Ta ni Òkìkí? — Ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà ná, ká tó bi í.*

*Mummy Òkìkí, ẹ máa rọra fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà.*

Ibí yìí ni ẹ̀rín ti pa wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi kan ògiri. Gbémi ń nu ojú, ó ní, "Má bínú. Màá ṣàlàyé fún wọn kíákíá."

"Má tíì ṣàlàyé," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn iṣẹ́ náà láti òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ yẹn nìkan ló ń kà. Ó nu ìka rẹ̀ tí iyọ̀ ti gbẹ lé mọ́ aṣọ, ó sì tẹ èsì jẹ́jẹ́ kó má ṣi àmì ohùn kankan fi: *Ara Òkìkí ti yá. Ẹ ṣé gan-an ni o. Èmi ni, Mummy Òkìkí.*